Kànga Bàbá Lánihun

Mo pín abẹ́ ilẹ̀ Apẹ̀tẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àpótí
lójú kọ̀ǹpútà mi, kéékèèké bí ihò afárá oyin.
Mo bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan:
yanrìn ni ọ́ ni, àbí amọ̀?
Yanrìn yá mọ́ àlejò. Amọ̀, ahun ni,
ó há omi mọ́wọ́, ó sì há bẹntiróò mọ́ ọn.

Táǹkì ilé epo ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ti ń jò láti òjò èṣí.
Kò pariwo. Kán. Kán.
Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sáré bí Ògùnpa nígbà tó bá bínú;
ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ló ń rìn láàárọ̀ dalẹ́,
ó gbé májèlé pọ̀n
bí abiyamọ tí kò mọ̀ pé ara ọmọ ti ń gbóná.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí ń jẹ ẹ́.
Mo ṣírò oúnjẹ wọn: ìdajì lọ́dún méjì,
ìdajì èyí tó kù lọ́dún méjì mìíràn,
bí ẹbí ṣe ń pín ogún ilé
títí yóò fi ku férémù fèrèsé.
Bí atẹ́gùn bá tán nísàlẹ̀ níbẹ̀,
wọ́n á jókòó ti àwo, wọn ò ní jẹun mọ́.

Kọ̀ǹpútà ní odò ni májèlé ń lọ,
kò ní yà sọ́dọ̀ Bàbá Lánihun.
Mo gbé àwòrán náà lọ fún wọn,
mo fi ojú ọ̀nà rẹ̀ hàn wọ́n, pupa fòò.

Bàbá fa omi, wọ́n gbé garawa sí mi nímú.

"Ewúrẹ́ mi ti kọ̀ ọ́ láti ìgbà iṣu tuntun.
Nígbà tí Súlè ń gbẹ́ kànga yìí, ó kan àpáta;
àpáta sán, omi sì yọ láti ìhà mọ́ṣáláṣí,
kì í ṣe láti ìhà odò.
Ṣé ìyẹn wà nínú ẹ̀rọ yín?"

Kò sí níbẹ̀.
"Àpáta líle" ni mo kọ sí gbogbo àpótí ìsàlẹ̀,
bíi nọ́ọ̀sì tó kọ "ara rẹ̀ le"
sínú ìwé aláìsàn tí kò tíì fojú kàn.

Lálẹ́ mo fa ìlà kan la àpáta kọjá,
tín-ín-rín bí irun orí.
Ó gbà á ní wákàtí mẹ́ta; iná lọ lẹ́ẹ̀mejì.
Ní ìdájí, pupa wọ kànga.
Ọdún mọ́kànlá, ó ní, kó tó mọ́.

Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún.
Mo tún un kà látòkè délẹ̀, mo ń wá àṣìṣe,
ohun tí mo máa ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀.