Ohun Tó Kù Nínú Asẹ́

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣa lẹ́tà ní pósófíìsì Ọ̀fà.
Bí reluwé bá ti ń fọn fèrè bọ̀ láti ọ̀nà Òkukù,
a ti mọ̀ pé àpò dé: òórùn epo díísù,
òórùn gọ́ọ̀mù, orúkọ àwọn ará ọ̀nà jíjìn.
Alàgbà Fábìyí, ọ̀gá wa, á ní:
"Ta ló kọ ọ́? Ta ló kọ ọ́ sí? Sítáǹbù dà?"
Lẹ́tà tí kò bá ní sítáǹbù,
ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ló ń san án.
Wọ́n á gbé e lọ́wọ́, wọ́n á fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n,
kí wọ́n tó pinnu bóyá àwọn á gbà á tàbí àwọn á kọ̀ ọ́.

Nísinsìnyí fóònù ni pósófíìsì mi.
Mo so ó mọ́ etí ìró, ó ń gbọ̀n bí adìẹ tí òjò pa.
Ẹni tí kò mọ orúkọ mi ń pè mí ní Olólùfẹ́.
Òmíràn ní mo jẹ tẹ́tẹ́ tí n kò ta.
Òmíràn fẹ́ ta oògùn irun fún mi,
èmi tí ewú ti gba orí mi láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti lọ!
Wọn kò lẹ sítáǹbù. Dátà mi ni wọ́n ń jẹ.

Àwọn tó mọ̀ mí pàápàá, kí n má purọ́, ọwọ́ wọn kò mọ́.
Mo kọ̀wé sí gbogbo ọmọ ilé, ojú ewé méjì gbáko,
lórí ògiri ilé Bàbá tó ń ya lẹ́yìn.
Mùfútáù dá gbogbo rẹ̀ padà fún mi,
láti "Ẹ kú ilé" títí dé "Èmi ni",
ó wá kọ "Àmín" sí ìdí rẹ̀,
bí ẹni tó gbé odidi àpò ìrẹsì padà sí ṣọ́ọ̀bù
láti lọ sọ pé òun ti rí i gbà.
Kí n tó mí, àmín mẹ́tàlélógún.
Ògiri ṣì ń ya.
Ganíyù ní tirẹ̀ fẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀ nìkan
pé "Ìyá yìí tún ti bẹ̀rẹ̀ o."
Gbogbo wa la gbọ́, títí kan àwọn tó wà ní Jẹ́dà.
N kò bínú.
Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù, kó kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn.

Àfọlábí, ọmọ Bàṣírátù, bá mi ki asẹ́ bọ inú fóònù.
"Màámà, lẹ́tà tó bá ti ń pariwo owó, ẹ̀bùn, kíákíá,
asẹ́ á dá a dúró."
Ilé dákẹ́. Mo sun oorun ọ̀sán bí ọmọ tuntun.

Ìyá mi ni mo ṣàdédé rántí.
Kí ó tó da èèrí ògì fún ewúrẹ́,
a fọwọ́ tú u lẹ́ẹ̀kan, a tún un tú,
torí òrùka rẹ̀ ti bọ́ sínú rẹ̀ rí,
lọ́dún tó bí Àwáwù.

Mo fọwọ́ tú u.
Tẹ́tẹ́. Oògùn irun. Olólùfẹ́. Tẹ́tẹ́.
Àwáwù.
"Ẹ̀gbọ́n mi, owó. Kíákíá ni.
Wọ́n ní àwọn á là mí lójú ọ̀tún ní Ìlọrin."
Ọjọ́ mọ́kàndínlógójì.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọ ọ́, kò kọ òmíràn.
Ó wá sílé mi lọ́dún Iléyá, ó jẹ ẹran, ó fọ abọ́,
ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.
Mo rò pé ọjọ́ orí ni.

Ẹni tí ìyà ń jẹ àti ẹni tó ń lu jìbìtì,
ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń lò.
Asẹ́ kò mọ ohùn. Ihò nìkan ló ní.

N kò yọ asẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ Jímọ̀,
kí n tó ṣe àlùwàlá, mo ń tú èèrí.
Lọ́jọ́ náà, mo dá Àwáwù lóhùn, òun nìkan.
Mo wo orúkọ lẹ́ẹ̀mẹta, bí Alàgbà Fábìyí ṣe kọ́ wa.
N kò da lẹ́tà rẹ̀ padà fún un.
Mo kọ ọ́ kúkúrú:
"Mo ń bọ̀ lọ́la. Má fi ojú yẹn sunkún."