Òógùn Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún

Kí n tó bu búrẹ́dì jẹ, mo ti yọ aṣọ ìnujú.
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni. Òsì kò mọ nǹkan kan,
òsì gbẹ bí àwo tí wọ́n nù kalẹ̀.
Níbi iṣẹ́, Gwenllian ní, "Ata yín mà pọ̀ o!"
Ápù ni mò ń jẹ.
Ápù lásán.

Kókó kan ni wọ́n yọ níwájú etí mi,
kò tó ẹyin àparò,
ṣùgbọ́n ilé itọ́ ló fi ẹ̀yìn tì.
Ọjọ́ tí mo jí, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí dígí:
ẹnu ò wọ́. Mo dúpẹ́.
Lẹ́yìn oṣù méje ló tó bẹ̀rẹ̀.

Dókítà yàwòrán rẹ̀ fún mi sẹ́yìn ìwé:
iṣan tó ń pe itọ́ jáde ni abẹ gé,
ó hù padà, ó ń wá ilé, kò bá ilé mọ́,
ó wá kan ilẹ̀kùn òógùn.
Wọ́n sì ṣí i fún un.
Mi ò lè bínú sí i.
Ọjọ́ kẹta tí mo dé Swansea
mo wọ bọ́ọ̀sì tí kì í ṣe tèmi,
mo bá ara mi ní Mumbles, létí òkun,
àpò ìrẹsì lọ́wọ́ nínú òjò,
mò ń béèrè ọ̀nà ilé lọ́wọ́ ẹyẹ.

Wọ́n ní kí n máa fi oògùn abíyá pa ojú lálaalẹ́.
Ládìtàn, ọkọ mi, rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri:
"Abíyá ti gòkè àgbà!"
Oògùn òógùn.
Ó ń ta mí, ó ń yún mi, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀.

Wọ́n wá fi aidíìnì kùn mí lẹ́rẹ̀kẹ́,
wọ́n bu ìyẹ̀fun àgbàdo lé e,
wọ́n ní kí n lá ọsàn wẹ́wẹ́.
Kíá, ibi tó ń làágùn dú bí aró,
erékùṣù kan níwájú etí mi;
nọ́ọ̀sì fi kálàmù yí etíkun rẹ̀ ká.
Abẹ́rẹ́ méjìlélógún. Mo kà á.
Wọ́n ní yóò tó ọdún kan, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀,
lẹ́yìn náà kí n padà wá.

Lálẹ́ Sátidé mo se ẹ̀gúsí.
Ìmísí, ọmọ mi, kì í béèrè bóyá ọbẹ̀ dùn,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló máa ń wò.
Mo gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì.
Ó wò mí. Ó sún mọ́ mi,
ó fi ìka kan ibẹ̀: gbígbẹ.
"Màámi, kò dùn ni?"