Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Keje

Èmi ni akọ̀wé. Kò sí ẹni tó ń bi akọ̀wé léèrè ohun tó rí.
Tábìlì gígùn kan, ìgò kọfí méjì,
èèyàn mẹ́sàn-án tí ìjọba ní kí wọ́n wá dámọ̀ràn
bóyá kí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta di ẹyọ kan.
Níta, yìnyín ń bọ́ sórí òkun láìdún,
òkun ń gbé e mì bí ẹni tí kò jẹun láti àná.

Skarvik nìyí, ìlú apẹja ní àríwá Nọ́wè,
níbi tí oòrùn ti ń gba ìsinmi oṣù méjì lọ́dọọdún
láìkọ̀wé sí ọ̀gá kankan.

Ragnfrid ni alága, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì.
Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí ìdajì àwọn tó jókòó sí,
nítorí náà, bó bá ní "ó tó", ó tó.

Ọ̀gbẹ́ni kan ti olú ìlú wá, ó fi àwòrán hàn wá:
ìlà pupa ń gòkè, ìlà dúdú ń sọ̀ kalẹ̀.
"Owó tí a máa rí tọ́jú rèé."
Ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Torgeir, awakọ̀ ojú omi, nawọ́:
"Ìlà yín yìí, orí omi ló gbà kọjá.
Bí ìjì bá dé, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté.
Ìyá arúgbó tó ń retí nọ́ọ̀sì ní erékùṣù Lauvøy,
ṣé orí bébà yìí ni nọ́ọ̀sì máa rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: Torgeir béèrè ìbéèrè.

Wákàtí mẹ́rin gbáko la fi jà lórí orúkọ.
Ìlú mẹ́ta fẹ́ra, ta ni yóò sọ ọmọ lórúkọ?
Oddvar kọ mẹ́tàdínlógún,
ó ní bàbá òun kò lè sùn re
ní sàréè ìlú tí kò mọ̀ ọ́n.
A kò rẹ́rìn-ín.

Selamawit, tó ń la ẹja níléeṣẹ́,
tó ti Ẹritiríà dé lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn,
kò lanu ní ìpàdé mẹ́fà. Lónìí ó ní:
"Níbi tí mo ti wá, orí rédíò la ti ń gbọ́ ìpinnu.
Ẹ̀yin béèrè lọ́wọ́ mi.
Mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa gbọ́.
Ṣùgbọ́n ẹ béèrè."
Bírò mi dúró. Mi ò tíì mọ ìdí rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ wa kò ní àṣẹ, ẹnu nìkan ló ní.
Àbá mọ́kànlá la fi ránṣẹ́; méjì ló padà wá láàyè.
Wọ́n so ìlú mẹ́ta pọ̀ bẹ́ẹ̀ náà,
orúkọ tí wọ́n sì yàn, kò sí lára tiwa.
Ṣùgbọ́n lójú ewé ogójì ìwé òfin, ìlà kan wà:
*nọ́ọ̀sì kan yóò máa gbé ní Lauvøy.*
Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n,
àmọ́ ta ní ń kọ orúkọ ọlọ́gbọ́n sí i?

Ìjì dé lọ́jọ́ Ẹtì. Torgeir so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó wọlé, ó gbọn yìnyín kúrò léjìká,
ó wo iná fèrèsé kan ní òdìkejì omi, ó pẹ́ níbẹ̀.
Lẹ́yìn náà ó ní kọfí wa ṣì korò.