Ihò Akàn Létí Ọ̀sà Àjàṣẹ́

Mo ti ń kọ ọ́ sójú pátákó fún ọdún mọ́kànlá gbáko:
Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.
Àwọn ọmọ a kà á, wọn a dà á kọ sínú ìwé,
n ó fi gègé pupa máàkì rẹ̀, agogo á lù.
Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé irú ojú wo.

Ní Ọjọ́bọ̀ yìí a gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí sọ̀ kalẹ̀ sétí ọ̀sà,
ọmọ méjìlélógójì nínú aṣọ kakí, bàtà lọ́wọ́,
pẹ̀lú okùn mítà mẹ́rin tí mo yá lọ́wọ́ kápẹ́ńtà.
Ẹrẹ̀ Àjàṣẹ́ kò mọ olùkọ́ yàtọ̀ sọ́mọ iléèwé:
ó gbé mi mì dé orúnkún kí n tó wí pé “Ẹ ṣọ́ra.”
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Bàbá Tósù ti ń dúró dè wá nínú ọkọ̀ rẹ̀.
Ògù ni, ó sì ń bu Yorùbá sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.
Ó fi àjẹ̀ tọ́ka sí igi ẹ̀gbà:
“Ẹ wò ó, ó ká ìró sókè, ó fẹ́ sọdá.
Àtìgbà tí bàbá mi ti wà lọ́mọdé ló ti fẹ́ sọdá.”
Sẹ̀nàmí bi í pé, kí ló wá ń dá a dúró?
“Àwọn ọmọ ẹja tó sá sábẹ́ aṣọ rẹ̀ ni.
Tó bá gbẹ́sẹ̀, ta ni yóò bò wọ́n?”

A fi okùn ya onígun mẹ́rin sórí ẹrẹ̀,
mítà kan níhà kọ̀ọ̀kan, igi kéékèèké ní igun rẹ̀.
Iṣẹ́ yín rèé: ẹ ka ihò akàn tó wà nínú rẹ̀.
Ni ìjà bá dé.
Ràímì ní ihò tí kò sẹ́nìkankan nínú rẹ̀ kì í ṣe ilé.
Mútíyátù ní yàrá ìyá òun wà ní títì
láti ìgbà tó ti lọ sí Gàbọ́ǹ,
ṣé a ò ní kà á ni?
N ò rí èsì fún un. Mo wo omi.
Ọ̀rá kan ń léfòó kọjá, ó wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́.

“Ẹ dákẹ́,” ni bàbá wí.
“Bí ẹ bá ń rìn, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn.”
A dákẹ́. Ọmọ méjìlélógójì dákẹ́,
ohun tí pàṣán ò lè ṣe rí láàárín ògiri mẹ́rin.
Ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí.
Ojú yọ.
Lórí igi, ẹ̀yin ènìyàn! Lórí igi tín-ín-rín méjì
tó nàró bí ìṣáná,
ó yí ọ̀kan síwájú, ó yí ọ̀kan sẹ́yìn,
orí gan-an kò tíì jáde, ojú ti ń ṣọ́ ọ.
Ẹnìkan sọ ọ́ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi, kì í ṣe bí ẹni ń kàwé,
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí orúkọ ará ilé rẹ̀ ni:
Ojú lalákàn…
Kò parí rẹ̀. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wa.

Ó wọlé láìkanlẹ̀kùn,
ó pa ihò rẹ́, ó pa ojú ẹsẹ̀ rẹ́, ó gbé igi igun kan lọ.
Bàbá ní tá a bá padà wá lọ́la, iye mìíràn la ó bá.
Ọ̀gá àgbà ń retí iye kan ṣoṣo,
nínú àpótí kékeré tó wà lórí fọ́ọ̀mù.

Ilẹ̀ ti ṣú. Mo ń yẹ ìwé wọn wò, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn.
Ràímì kọ mẹ́sàn-án.
Sẹ̀nàmí kọ mẹ́tàdínlógún.
Mútíyátù kọ mẹ́tàdínlógún,
àti ọ̀kan tí ẹni inú rẹ̀ rìnrìn àjò.
Gègé pupa wà lọ́wọ́ mi.
Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ mi.