Ẹni Tó Ń Gbé Àwọ̀n Wá

Bàbá mi bi mí létí ọ̀sà, ní Ẹ̀pẹ́:
"Ọdún mẹ́ta lo ti ń wo ìwúkàrà nínú awò.
Kí lo rí níbẹ̀ tí ojú rẹ fi pọ́n báyìí?"

Abẹ́rẹ́ àwọ̀n wà lẹ́nu rẹ̀, òwú wà nítan.
N ò tètè dáhùn.
Mo ń wo Wàídì, ọmọ Bísíráyò,
tó ń wọ́ àwọ̀n bọ̀ láti inú ọkọ̀,
àwọ̀n tó ta kókó bí irun wèrè.

Mo ní, Bàbá, ẹ wo Wàídì.
Kò mọ àwọ̀n kíká. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.
Ṣùgbọ́n ta ló ń wá èyí tó wé mọ́ra kiri,
tó ń gbé e lé yín lọ́wọ́,
tó tún ń fọwọ́ tọ́ yín léjìká pé, "Bàbá, ó yá"?
Ìgbà yẹn lọwọ́ yín tó pa dé mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ìwúkàrà,
nínú ẹyọ kan tí ojú lásán ò lè rí.
Purotéènì ń jáde gbọọrọ bí òwú tuntun,
kò tíì mọ ìrísí ara rẹ̀.
Alágbàtọ́ wà tó ń gbà á ká,
àmọ́ bó bá dá wà, ọwọ́ rẹ̀ a máa falẹ̀.
Olùrànlọ́wọ́ ló ń mú òwú wá bá a,
òun ló ń mú un ná agbára tó dì sápò.
Òmíràn ṣì wà, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju
kó kan ọwọ́ tó dì náà: "Tú u sílẹ̀, ó tó."
Ọwọ́ tó dì tí kò mọ̀ ọ́n ṣí,
kí ló fi yàtọ̀ sí pàkúté?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi ooru dán wọn wò.
Mo yọ olùrànlọ́wọ́ kúrò nínú ìgò kan.
Alágbàtọ́ pé síbẹ̀, ẹyọ kan ò dín.
Kí n tó jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán kí n padà dé,
purotéènì ti dì gbagidi
bí ẹyin tí wọ́n gbàgbé lórí iná.

Bàbá yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.
Ó wo omi. Ó wo ìka ara rẹ̀, tó ti wọ́.
"Wàídì! Èló ni mo ń fún ọ lọ́sẹ̀?"
Ọmọ náà dúró, ẹ̀rù bà á,
ó rò pé àwọ̀n ló ya.