Ìràwọ̀ Kì Í Kánjú

Ní abúlé wa lẹ́sẹ̀ òkè, ní ilẹ̀ Ómàn,
ìsun omi kan ṣoṣo ló ń ti inú àpáta wá,
ó ń gba ojú gọ́tà tí àwọn baba ńlá gbẹ́,
ó ń wọ oko dàbínù lọ́kọ̀ọ̀kan,
oníkálukú pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀.
Lọ́sàn-án, òjìji ọ̀pá la fi ń pín in.
Lóru, Húmáídì, bàbá bàbá mi, ni í pín in
láti orí òrùlé wa tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní.

Ó mọ ìràwọ̀ bí darandaran ti mọ ewúrẹ́:
èyí tí í ṣáájú, èyí tí í tiro,
èyí tí í sọnù fún ogójì ọjọ́ kó tó padà wálé.
Bí ọ̀kan bá yọ lórí ògiri ilé ìṣọ́ àtijọ́,
omi Násórò parí, omi Ráyà bẹ̀rẹ̀.

Ó ní: "Má fi oṣù ṣọ́ omi, ọmọ mi.
Oṣù a lé, oṣù a kú,
ọdún rẹ̀ fi ọjọ́ mọ́kànlá kúrú sí ti oòrùn;
ààwẹ̀ a bọ́ sínú ooru, a tún bọ́ sínú òtútù.
Oṣù dára fún ààwẹ̀ àti fún gbèsè.
Ẹni tí yóò gbin àlìkámà, ìràwọ̀ ni kó wò."

Ọdún tí mo pé mọ́kànlá,
ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí omi ìrẹsì.
Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ó kàn ní: "Súwéénà, ó ti yọ bí?"
Mo sì mọ̀ pé ojú mi ti di tirẹ̀.

Ogójì igi ni Násórò ní, àti aago ọwọ́ tó ń dán.
Méje ni ti Ráyà, opó,
imọ̀ wọn ti rọ bí apá ẹni tó rẹ̀.
Ní òru kan, ooru mú débi pé
ajá ń sùn sínú gọ́tà.
"Ó ti yọ bí?"
Orí ògiri ṣì dúdú.
Mo ní: "Ó ti yọ."

Bàbá pariwo sísàlẹ̀: "Ráyà! Gba omi rẹ!"
Mo gbọ́ bí omi ṣe yà nínú òkùnkùn
bí ẹni tí a jí ṣáájú àkókò.

Násórò na ọwọ́ sókè: "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá!"
Bàbá ní: "Lálaalẹ́ ni ìràwọ̀
ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá ju ti àná lọ.
Ṣé aago rẹ mọ ìyẹn?"
Násórò gbé ṣọ́bìrì rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó yá, ó yọ lóòótọ́,
ó mọ́ roro, bí ẹlẹ́rìí tó pẹ́ dé kóòtù.
Bàbá kò rí i.
Síbẹ̀ ó kọjú sí i, ibẹ̀ gan-an,
ó ní, jẹ́jẹ́: "Ìràwọ̀ kì í kánjú.
Ta ló ń lé e lálẹ́ òní?"
N kò dáhùn.

Láàárọ̀ ó gbé àpò àlìkámà kan lọ sílé Násórò,
kò sọ ìdí.
Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó tún jókòó tì mí:
"Súwéénà, ó ti yọ bí?"

Kàlẹ́ńdà méjì ló wà lára ògiri mi ní Másíkátì,
ti òṣùpá àti ti báǹkì,
wọn kì í fẹnu kò.
Iná ìlú ti gbé ìràwọ̀ mì,
ó ku àgùàlà nìkan, tí wọ́n ń pè ní ajá òṣùpá.

Mo lọ sílé lọ́dún tó kọjá.
Fóònù ni wọ́n fi ń pín omi báyìí.
Mo ka igi Ráyà: méje ti di mọ́kànlá.
Mo gun òrùlé, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó,
mo fi ọwọ́ bo iná òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
N kò mọ kàlẹ́ńdà tí wọ́n kọ ọ́ sí.