Ibo Ni Ká Lé Ooru Lọ?

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn,
torí ilé tó bá purọ́ láàárọ̀
kò ní lè purọ́ mọ́ nígbà tí oòrùn bá dojú kọ gíláàsì rẹ̀.
Òpópónà Ọdúnlámì, ilé alájà márùn-ún.
Alàgbà Jìnádù ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn:
"Ẹnjiníà, èló ni? Ẹ sáà dá iye lé e."
N kò tíì mọ iye. Èèyàn ni mò ń kà.

Mò ń ka èèyàn, torí ara ọmọ aráyé, ààrò ni.
Mọ́kànlélógún ní yàrá àwọn oníṣirò,
kọ̀ǹpútà wọn náà ń mí gbígbóná bí ajá;
aránṣọ mẹ́ta lájà kejì,
áyọ́ọ̀nù wọn kì í sùn.

Àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun
ya ẹ̀rọ tí yóò máa mú ilé móoru sí i.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi sórí rúlà.
Ọyẹ́ Èkó tí kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ?
Súwẹ́tà kan ti tó o.

Múfútáù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló fi ihò kan hàn mí
lẹ́yìn àpótí fáìlì àtijọ́:
àwọn tó kọ́lé ló dá a sára ògiri
kí atẹ́gùn ọ̀sà lè gbabẹ̀ gòkè.
Ta ló fi sìmẹ́ǹtì dí i?
Kò sẹ́ni tó rántí.
Mo gbọ́wọ́ lé ibi tó ti sán,
nǹkan tín-ín-rín kan fẹnu kàn mí lọ́wọ́.

Àmọ́ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kò sí nínú ilé.
A kì í pa ooru. Lílé là ń lé e.
Òtútù tí a bá kó fún àwọn oníṣirò,
ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi dé sí.
"Ẹ̀yìnkùlé," ni Alàgbà wí, "ibẹ̀ ni páìpù ò ti ní gùn."
Mo yọjú sẹ́yìnkùlé.
Fèrèsé kan, kò jìnnà ju kí n na ọwọ́ kàn án,
ìtẹ́dìí mẹ́fà lórí okùn,
ìyá kan ń fi páálí fẹ́ ọmọ tuntun.
Ó wò mí. Ó wo téèpù ọwọ́ mi.
Kò bi mí ní nǹkan kan.

Orí òrùlé ni, Alàgbà. Àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà bàbà sí i,
ká sì kùn ún, kí iyọ̀ ọ̀sà má jẹ ẹ́.
"Bàbà! Ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta bàbà?"
Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.
Bàbá ń tìtorí bàbà bínú sí mi,
òógùn rẹ̀ ń kán sórí àwòrán,
gan-an níbi tí mo ya fèrèsé yẹn sí.